Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ Bàbá mi jáde, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 61. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, oko ni wọ́n ń lọ báyìí. Láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó lè dáwọ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún padà wá. Màmá mi ló rí i, Bàbá fúnra wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ó ti ń ṣe àwọn láti ìgbà èwe, wọ́n sì ń mu àgbo tí wọ́n ń rà lọ́jà.

Ohun tó ń já mi láyà ni pé ṣòkòtò ti ń tú nídìí wọn. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n ṣáá. Wọ́n tún sọ fún Màmá pé bí àwọn bá yàgbẹ́ tán, ó máa ń dà bíi pé ó ṣì kù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àwọn kò lè gbà kí dókítà tó jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn máa ti ìka bọ àwọn nídìí. Ṣé jẹ̀dí lásán ni àbí nǹkan mìíràn?

Àgbẹ̀ Ìjerò:
Jẹ̀dí ni. Ẹ ní kí Bàbá jáwọ́ nínú ṣúgà àti tíì aládùn. Àwọn bàbá wa náà ní in, wọ́n sì gbó. Ẹ wá àgbo tó múná fún wọn, kí wọ́n máa mu ún láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ọsibítù á kàn gbowó lọ́wọ́ yín ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó:
Àbúrò, o ṣeun tí o kọ ọ́ síbí. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí nínú wa tó tíì yẹ Bàbá wò, a ò sì lè jókòó síbí ká sọ pé jẹ̀dí ni.

Jẹ̀dí wà lóòótọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú sójú ihò ìdí ni. Àwọn tí ìgbẹ́ wọn máa ń le ló sábà máa ń yọ lẹ́nu, àti àwọn aláboyún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n yòò, ó máa ń kán lẹ́yìn ìgbẹ́ tàbí kó hàn lára tíṣù. Ṣùgbọ́n jẹ̀dí kì í mú kí ṣòkòtò tú nídìí èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kí èèyàn máa rù láìgbààwẹ̀, kó máa rẹ̀ ẹ́, kí ìgbẹ́ máa ṣe é bíi pé kò tán: bí gbogbo èyí bá pàdé lára àgbàlagbà, jẹjẹrẹ ìfun ńlá gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí dókítà máa yẹ̀ wò. Mi ò ní òun ni o. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àmì mìíràn tí ẹ lè bi Bàbá: ṣé ìgbẹ́ wọn ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó máa ń di gbuuru lónìí, tí kò ní jáde rárá lọ́la? Ṣé ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé inú máa ń run wọ́n tàbí kó wú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà pọ́n, àbí ó dúdú, tó pò mọ́ ìgbẹ́?

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí. Ẹnì kan náà lè ní jẹ̀dí kó sì tún ní jẹjẹrẹ. Bí dókítà bá rí jẹ̀dí lójú ìdí, ìyẹn kò sọ ohun tó wà lókè nínú ìfun.

Ní ti ìka, ìṣẹ́jú kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nǹkan tó ń yọ̀ pa á, Bàbá á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bò wọ́n. Bàbá lè ní dókítà ọkùnrin tó ti dàgbà ni àwọn fẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú sí wọn. Díẹ̀ lára àwọn jẹjẹrẹ yìí wà nísàlẹ̀ níbi tí ìka lè kàn án. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fo ìka.

Bọ̀dá Ìlú Ọba:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ọmọ Ìyìn ni mí. Níhìn-ín, ẹni tó bá ti wà láàárín ọmọ ọdún 50 sí 74, ìjọba á fi nǹkan kékeré kan ránṣẹ́ sí i nílé ní ọdún méjì méjì. Ó ní igi tín-ín-rín kan nínú. Èèyàn á fi tọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á dè é, á fi ránṣẹ́ padà. Wọ́n ń pè é ní FIT. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí ló ń wá. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìka. Ẹ kàn wá a rà fún Bàbá, ìtìjú tán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó:
Bọ̀dá, ẹ ṣeun, àyẹ̀wò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àmì kankan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí bẹ́ẹ̀. Bàbá ti ń fojú rí ẹ̀jẹ̀. Bí FIT bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yìí máa ń dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá wá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí kò jáde, tó sì ní kò sí, Bàbá á ní "ṣé ẹ rí i", a ó sì tún pàdánù oṣù mélòó kan. Ẹni tó ní àmì, iwájú dókítà ló yẹ kó lọ ní tààrà, dókítà ló máa sọ àyẹ̀wò tó kàn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò tíì pé 40. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀. Ó lọ sí ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Nígbà tó sọ pé òun ń rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní jẹ̀dí ti kún un, wọ́n fún un ní oògùn tí a ń fi bọ ìdí. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, lọ sílẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó gbádùn díẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ẹni tó fi ìka yẹ ìdí rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó bi í pé níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ.

Ìgbà tí a gbé e lọ síbòmíràn ni wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, tí wọ́n rí kókó ńlá lápá òsì. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀.

Àbúrò, bí wọ́n bá yẹ Bàbá wò tí PCV wọn kò tó, ẹ má gba blood tonic kí ẹ sì máa lọ sílé. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dín kù, ó ní ibi tó ń gbà jáde. Ẹ béèrè títí wọ́n á fi dá yín lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yẹ́:
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú. Èmi rò pé àìsàn òyìnbó ni eléyìí. Àwa tí à ń jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ látilẹ̀wá?

Tíṣà Bàólójì:
Ìyá Ìbejì, ẹ ò jìnnà sí òótọ́ tán, ṣùgbọ́n ayé ti yí. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland, tó ṣiṣẹ́ ní Uganda fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló kíyè sí i nígbà yẹn pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará oko ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi ìdí rẹ̀ ti oúnjẹ wọn tó ní ṣàkà, ìyẹn háhá oúnjẹ tí kì í dà, tó ń gbá ìfun mọ́. Oúnjẹ ìgbà yẹn kọ́ ni oúnjẹ tòní. Búrẹ́dì funfun, indomie, sọ́séèjì, ọtí inú agolo, ọ̀kadà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. A kì í fẹsẹ̀ rìn mọ́.

Ní ọdún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ní gbogbo ayé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ yìí lára wọn, nǹkan bí 900,000 ló sì kú nípasẹ̀ rẹ̀. Òun ló ṣe ìkẹta tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń mú ju àwọn funfun lọ. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù, ọdún 2016 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọmọ ọdún 43 péré. Pelé náà, òun ló pa á ní ìparí ọdún 2022. Owó kò wọ́n wọn, oúnjẹ kò wọ́n wọn.

Olóúnjẹ Ìkẹ́rẹ́:
Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má fi iyán ṣe ọ̀daràn. Mo ń gúnyán tà, mo mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ ẹ́. Iyán kọ́ ni wàhálà, ohun tí a fi ń jẹ ẹ́ ni. Àwọn kan á ní kí n bu ẹ̀fọ́ ṣíbí kan, kí n wá kó ẹran márùn-ún lé e. Láyé àtijọ́, ẹ̀fọ́ ló ń kún àwo, ẹran ni a ń wá kiri nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí i: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, àgbàdo, ìbẹ́pẹ, ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú háhá rẹ̀. Sùyà alẹ́ ojoojúmọ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Tíṣà Bàólójì:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ní 2015, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ẹran tí wọ́n ti fi kẹ́míkà tàbí èéfín ṣe lọ́jọ̀, bíi sọ́séèjì, bacon àti kọ́ọ̀ǹbíìfù, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Gíráàmù 50 lójúmọ́, tó tó sọ́séèjì kan, ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu náà. Ẹran màlúù àti ẹran ewúrẹ́ wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ọtí, sìgá àti sísanra jù náà wà níbẹ̀. Ní ti ṣúgà tí Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀ sọ, kì í ṣe òun ló ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde nídìí. Ó dára kí Bàbá dín in kù, ṣùgbọ́n dídín in kù kò ní dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó:
Kí n má gbàgbé: ọtí ni wọ́n fi ń rẹ púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́, ọtí ló ń mu. Ẹ tún jẹ́ ká mọ̀ pé oúnjẹ ń dín ewu kù ni, kò pa á rẹ́. Mo ti tọ́jú àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sọ́séèjì rí.

Àgbẹ̀ Ìjerò:
Mi ò sọ pé ọsibítù kò dára. Owó ni mò ń sọ. Àgbẹ̀ tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, níbo ni yóò ti rí i? Mo tún ní ìbéèrè kan fún Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 52 ni mí, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ṣé ẹ ní kí èmi náà lọ máa wá àìsàn kiri?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó:
Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ lọ, ìgbà tí nǹkan kan ò tíì ṣe èèyàn gan-an ló dára jù. Jẹjẹrẹ yìí kì í ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Kókó kékeré kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù lára ògiri ìfun, bí olú ṣe ń hù lára igi. Kò ní dun èèyàn, kò ní ṣe nǹkan kan. Ó lè tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ dà á. Bí wọ́n bá rí i láàárín àkókò yẹn, wọ́n á gé e kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ìyẹn ni àyẹ̀wò yìí fi yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń sọ fún èèyàn pé àìsàn ti dé.

Láti 2021, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 45, títí dé 75. Ó lè jẹ́ FIT lọ́dọọdún, tàbí colonoscopy, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá bí wọn kò bá rí nǹkan kan. Fún ẹ̀yin tí kò ní àmì, ẹ lè fi FIT tí Bọ̀dá sọ bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí ti kámẹ́rà púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní ẹ̀jẹ̀ wà, kámẹ́rà di dandan, ẹ má tún un ṣe títí yóò fi ní kò sí.

Ní ti owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ètò ìlera adójútòfò yín ohun tí wọ́n máa san àti èyí tí wọn ò ní san, kí ẹ tó lọ. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tí wọ́n bá rí tiwọn nígbà tó ṣì wà lójú kan, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka irú èyí. Tó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ó já wálẹ̀ gan-an, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àyẹ̀wò lọ fíìfíì.

Mọ́mì Èmùré:
Èmi ti ṣe colonoscopy. Ìyá mi ló ní in, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí n má dúró dìgbà tí nǹkan kan máa ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, wọ́n ní kí n má jẹ nǹkan oníkóró, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. (Ẹ ṣàkíyèsí o, àwọn ọjọ́ yẹn nìkan ni.) Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ gan-an, nǹkan olómi tó mọ́ gaara nìkan: omi, tíì láìsí mílíìkì, omi ẹran tí a sẹ́. Nírọ̀lẹ́ ni mo mu oògùn tó ń fọ inú. Òun ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ má jáde, ẹ jókòó sítòsí ilé ìgbẹ́, ẹ fi báásílínì pa ìdí kó má bó, ẹ sì máa mu omi. Bí inú kò bá mọ́, dókítà ò ní ríran, wọ́n á ní kí ẹ padà wá.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó mú mi tòògbé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n ń tì wọlé láti ìdí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi parí. Wọ́n rí kókó méjì, wọ́n gé wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí láàbù. Inú mi kún fún afẹ́fẹ́ díẹ̀, mo sì padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú ẹni tó máa bá yín lọ dání, ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn.

Ní Èkìtì wa yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn: EKSUTH, ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, àti ti ABUAD, yunifásítì Afẹ́ Babalọlá. Ẹ pè kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é àti bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá owó láàbù wà nínú iye tí wọ́n dá, nítorí ó lè jẹ́ ọ̀tọ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, Ifẹ̀ àti UCH Ìbàdàn wà.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:
Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dárúkọ jẹjẹrẹ létí Bàbá rárá. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ fẹ́ lọ wò. Tí àgbàlagbà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ á dà nù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Mi ò fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n rí i pé ìdí ni wọ́n fẹ́ wò, wọ́n á dìde, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn pẹ̀lẹ́: pé ó lè jẹ́ jẹ̀dí, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, pé ẹ fẹ́ mọ̀. Kí ó má sì jẹ́ ọmọ ló máa sọ ọ́. Ṣé wọ́n ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ ilé ìwé tàbí tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ohun tí àgbàlagbà kò lè gbà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó lè gbà á lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo fi ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n lọ ọ̀rẹ́ Bàbá kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà. Àṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ próstéètì rí, wọ́n sì ti mọ ọ̀rọ̀ ìka. Wọ́n wá bá Bàbá nílé, àwọn méjèèjì ti ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ní ọjọ́ kejì Bàbá ní àwọn ti ṣe tán.

Dókítà àgbàlagbà kan ló yẹ wọ́n wò. Ó rí jẹ̀dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní dúró síbẹ̀, nítorí PCV wọn jẹ́ 27, tí kò tó, àti nítorí bí wọ́n ṣe ń rù. Colonoscopy wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní Ìdó. Nọ́ọ̀sì mà, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti blood tonic. Ṣé kí wọ́n dá a dúró? Àwa ọmọ ńkọ́? Èmi 34, ẹ̀gbọ́n mi 38.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Adó:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí Bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn. Blood tonic tó ní irin nínú, àwọn dókítà sábà máa ń ní kí èèyàn dá a dúró ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nítorí ó máa ń mú ìgbẹ́ dúdú, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má fúnra wọn dá a dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dé iwájú dókítà, pàápàá aspirin tàbí oògùn èyíkéyìí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọ́, nítorí wọn ò ní jẹun lọ́jọ́ yẹn. Àgbo, kí wọ́n dá a dúró láti òní, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti ń mu ún.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró de èsì. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ ò ní dúró dé 45. Ọmọ ọdún 40 ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín ló sì máa ṣíwájú. Bí ìbátan mìíràn bá tún ti ní in, pàápàá ẹni tí kò tíì pé 50, ẹ sọ fún dókítà, ó lè ní kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Àbúrò, kí ni ọjọ́ náà gan-an? Mo ní mọ́tò, mo sì máa ń gba Ìdó kọjá. Bí kò bá sí ẹni tó máa wa Bàbá àti Màmá padà sí Ìkọ̀lé, kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi á wá gbé wọn.